Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Bá Ère Mi Bóra

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ PhD lẹ máa ń retí lẹ́nu mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ ère kéékèèké ni mo gbé dé lónìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Nottingham ni mo wà, ìlú tí Games Workshop tó ń ṣe Warhammer fìdí kalẹ̀ sí. Ère ọmọ ogun ni, gíga ọ̀pọ̀ wọn ò ju nǹkan bíi mìlímítà 28 sí 32 lọ. Ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn ún lọ́dà, ẹ ó wá fi ta ayò ogun lórí tábìlì. Lálẹ́, tí ìwé bá ti sú mi, òun ni mo fi ń sinmi.

Wiki kan wà tí àwa tó ń kùn ún jọ ń kọ. A máa ń fi fọ́tò síbẹ̀ kí ẹlòmíì lè rí bí ère ṣe rí àti irú ọ̀dà tá a lò. Wọ́n ní ìlànà: ẹ̀yìn fọ́tò gbọ́dọ̀ funfun, ère gbọ́dọ̀ wà láàárín, kò gbọ́dọ̀ sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, orúkọ fáìlì sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò bá ìlànà jà. Àwọn àgbà ní ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe ń rí. Bí kálukú bá ń gbé tirẹ̀ wá bó ṣe wù ú, ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrẹsì, wiki á dọjà.

Lóṣù tó kọjá, mo kùn balógun obìnrin kan. Mo fi Rhinox Hide ṣe ìpìlẹ̀ àwọ̀ ara rẹ̀, mo fi Mournfang Brown tan ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú àti iwájú orí. Àwọ̀ màámi ni mo ń wá, adúmáadán gidi. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ kejì, ẹnìkan ti tún un ṣe, ó ní ó ṣókùnkùn jù, kò bá ìlànà mu. Mo wò ó. Obìnrin mi ti di pupa. Wọ́n ti bá a bóra!

Ẹ má tíì bú u. Òótọ́ ló sọ, fọ́tò mi ṣókùnkùn. Àmọ́ kí ló fà á? Ìlànà yẹn náà ni. Tẹ́ ẹ bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó ṣètò ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ńṣe ló máa ń fẹ́ sọ gbogbo nǹkan di àwọ̀ eérú tó wà láàárín funfun àti dúdú. Tó bá rí funfun rẹpẹtẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Ojú ère tó pupa á ṣì hàn, tèmi á wọnú òkùnkùn. Ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ á wá fa ojú yẹn sókè títí á fi mọ́lẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni àwọ̀ ti sọnù.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé fọ́tò onífíìmù, Kodak ní káàdì kan tí àwòrán obìnrin òyìnbó wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Òun làwọn tó ń fọ fọ́tò fi ń wọn àwọ̀. Tí ara Shirley bá ti dára, ó parí. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe òṣùwọ̀n ni ẹ̀rọ máa ń mọ̀ ọ́n yà.

Ẹlòmíì á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ère lásán ni." Ṣé ẹ rí i, ọmọ dúdú kan tó fẹ́ kùn ère tó jọ òun, wiki yẹn ló máa ṣí. Bó bá lo ọ̀dà tí mo kọ síbẹ̀, tí tirẹ̀ ò jọ ti fọ́tò, á rò pé òun ni ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n fún ò ju mẹ́ta lọ. Kí wọ́n gba ẹ̀yìn aláwọ̀ eérú láàyè. Kí a ya páálí eérú kékeré mọ́ ère, ká fi wọn ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀, ká tó gé e kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má sì tún àwọ̀ fọ́tò ẹlòmíì ṣe láìbi í. Etí fọ́tò, ẹ máa gé e. Àwọ̀, ẹ bi mí. Nínú láàbù wa, ẹni tó bá yí nọ́ńbà ìwádìí padà láìsọ fún ẹni tó ni ín ti wọ gàù. Kí ló dé tí ti fọ́tò á fi yàtọ̀?

Wọn ò tíì dá mi lóhùn. Mo ti tún ère náà yà, páálí eérú lẹ́yìn rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí màámi lórí WhatsApp. Wọ́n ní, "Ó dúdú dáadáa o. Àmọ́ ṣé ère lo lọ ń kùn ní London ni?" Mo ti sọ fún wọn títí pé Nottingham ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fọ́tò ó yà, ẹ bá mi dá sí i.