Fítámì D Kọ́ Ló Ń Ṣọ́ Iṣan Ọkàn Alátọ̀gbẹ

Ojú àti ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni àtọ̀gbẹ ń bà jẹ́. Bí ṣúgà bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń ba àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń pàṣẹ fún ọkàn pé kó yára tàbí kó rọra jẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá bá irú èyí pàdé lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ọkàn rẹ̀ máa lù ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá sì dìde, òòyì á kọ́ ọ. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹ̀jẹ̀ lè dẹ́kun àtidé ara ọkàn rẹ̀ kí àyà má tilẹ̀ dùn ún débi tí yóò fi sáré lọ sílé ìwòsàn. Irú ewu báyìí ni àwọn kan ń sọ pé hóró fítámì D kan lójúmọ́ yóò lé lọ. Ẹ̀rí kò tíì gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìwádìí lóríṣiríṣi ti rí i pé fítámì D sábà máa ń kéré lára àwọn alátọ̀gbẹ tí iṣan ọkàn wọn ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí òjò bá ti ń rọ̀ la ti ń rí agboòrùn, agboòrùn kọ́ ló sì ń fa òjò. Ọ̀rá ara ẹni tó sanra a máa gbé fítámì yìí pamọ́. Ẹni tí àìsàn dá jókòó sílé kì í rí oòrùn tó. Kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ ti bà jẹ́ a máa jẹ́ kó jò lọ sínú ìtọ̀. Ohun tó lè yanjú àríyànjiyàn yìí ni ká fún àwọn kan ní fítámì náà, ká má fún àwọn mìíràn, ká wá wò ó. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ènìyàn 25,871 nínú ìwádìí VITAL, èyí tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018: kò dín àìsàn ọkàn kù.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé VITAL kò yẹ iṣan ọkàn wò. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tó ń ta ìlérí ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá. Ẹlòmíràn á ní kò wọ́n, kí ló lè bà jẹ́? Àpọ̀jù rẹ̀ ń sọ kálísíọ́mù di púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì ń ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé tirẹ̀ kéré, kó lò ó nítorí egungun rẹ̀. Ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ ronú nípa máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ yípo ọdún, torí oòrùn ibẹ̀ kò tó awọ wa.

Ohun tó ti hàn pé ó ń ṣèrànwọ́ fún iṣan wọ̀nyí kò lókìkí tó hóró oògùn. Ní Dẹ́nmáàkì, ìwádìí Steno-2, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2003, kó ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tọ́jú lára alátọ̀gbẹ 160, ìbàjẹ́ iṣan náà sì dín kù gidigidi lára àwọn tí wọ́n tọ́jú kíkankíkan. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo metformin fún ọ̀pọ̀ ọdún, fítámì B12 gan-an ló yẹ kí ẹ béèrè àyẹ̀wò rẹ̀, nítorí oògùn náà lè dín in kù, àìtó rẹ̀ sì ń ba iṣan jẹ́. Nígbà tí ẹ bá tún dé ilé ìwòsàn, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ní ìjókòó, kó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ bá dìde dúró, kó lè wò ó bóyá iṣan náà ti ń bàjẹ́.