A Ó Máa Bá A Lọ

Ní oṣù yìí, ẹjọ́ ara wa ni a fẹ́ rò fún yín. A kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí àwa gan-an ni a jẹ̀bi.

Láti ìgbà tí ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ń kọ́ katikísímù ní Gbaffo ti ń tètè dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni ẹ̀kọ́ wa, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi máa dé ní aago mẹ́ta ààbọ̀, àwọn ọmọ bí ogún ti wà lórí àpáta lẹ́yìn ilé ìsìn, níbi tí àwọn ìyá máa ń sá èlùbọ́ sí. Inú wa dùn púpọ̀. A sọ fún ìyàwó wa pé ẹ̀kọ́ wa ti ń wọ àwọn ọmọ lára. A tilẹ̀ sọ fún Fadá pẹ̀lú.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kejì, a gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, a sì rí ohun tí ń fà wọ́n. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá, jókòó láàárín wọn, ó gbé ìwé bédé ńlá kan lé itan. Bédé ni àwọn ọmọ wa ń pe ìwé ìtàn aláwòrán, bí wọ́n ti gbọ́ ọ nínú èdè Faransé. Ó ń fi ìka tọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ohun tí ẹni inú rẹ̀ ń wí ní èdè Ìdàáṣà wa: ohùn ọmọbìnrin lọ́tọ̀, ohùn àgbà obìnrin lọ́tọ̀, ohùn ẹranko búburú lọ́tọ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, ó pa ìwé náà dé, ó ní, “Ó di Ọjọ́rú tí ń bọ̀.” Gbogbo wọn ké, “Háà!”

A gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. A ní ilé Ọlọ́run kì í ṣe ilé sinimá. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó kàn ní, “Bàbá Katikíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí eruku wọ inú rẹ̀,” ó sì wọlé lọ jókòó.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọmọ mẹ́sàn-án péré ni ó wá, èyí tó tètè dé jù nínú wọn sì dé lẹ́yìn tí aago mẹ́rin ti kọjá. Ọmọ náà kò sí láàárín wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún yìí ni ó yẹ kí ó gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a mú ìwé náà jáde láti inú àpótí. A fẹ́ wá ohun tí ó burú nínú rẹ̀, kí a lè rí ọ̀rọ̀ sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Faransé ni àwa kọ́ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé sẹ́mínárì. Gẹ̀ẹ́sì wa kò ju èyí tí a lè fi ra ọjà ní ààlà lọ. A gbé ìwé atúmọ̀ èdè sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣí i rárá, a ti ka ọ̀rọ̀ kan lára èèpo rẹ̀ tí kò fẹ́ atúmọ̀: Ìyanu. Ọmọ Ìdàáṣà, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Kétu àti ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìtàn náà. Godwin Akpan, ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kìíní jáde ní 2021, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹrin 2025, a bẹ̀rẹ̀ sí fi í hàn lórí tẹlifísàn gẹ́gẹ́ bí sinimá àwòrán. Ọmọ òrukàn ni Ìyanu. Àgbà obìnrin kan tí ń jẹ́ Olori ni ó ń tọ́ ọ, tí ó ń kọ́ ọ ní ìtàn Yorùbá àti ọgbọ́n àtijọ́. Ègún ti bá àwọn ẹranko igbó, wọ́n ti di apanirun. Ní ọjọ́ tí ewu ká ọmọbìnrin yìí mọ́, agbára kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà lára òun jáde. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ méjì, Bíyí àti Tóyè, wá mú ọ̀nà pọ̀n láti wádìí ohun tí ń ba ilẹ̀ wọn jẹ́.

A kà á títí òru fi jìn. Nígbà tí a dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ìtàn kò tíì parí. A yí ìwé náà síwá sẹ́yìn bóyá ewé kan ti já bọ́. Kò sí èyí tó já. A ṣàdédé pariwo pé, “Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀?” Ìyàwó wa ta jí, ó ní, “Ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

Ìgbà yẹn ni ohun tí a ti gbàgbé fún bí ọgbọ̀n ọdún padà wá sọ́kàn wa.

Nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún méjìlá, ọkùnrin kan máa ń tẹ́ ẹní ní ọjà Dassa, ó ń ta ìwé àlòkù lórí rẹ̀: Akim, Zembla, Blek, àti Strange, èyí tí ilé-iṣẹ́ Lug ní ìlú Lyon bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní 1970. Inú Strange ni a ti pàdé àwọn akọni alágbára ti Amẹ́ríkà, pàápàá l'Araignée, èyí ni Aláǹtakùn: ọ̀dọ́mọkùnrin òrukàn tí aláǹtakùn bù jẹ, tí ó sì di alágbára. Àwọn ìwé náà kì í tò tẹ̀ léra. A lè rí ti oṣù Kẹfà lónìí, kí ti oṣù Karùn-ún tó dé lẹ́yìn ọdún kan.

Nínú ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀rọ irin ńlá kan tẹ akọni náà mọ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ omi. Omi ń kán láti òkè, ó ń kún. Oògùn tí yóò gba ẹ̀mí ìyá àgbà tí ó tọ́ ọ dàgbà wà níwájú rẹ̀ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó o. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí. Àwa àti ọ̀rẹ́ wa kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí rẹ̀. Òun ní akọni náà kú; àwa ní kò lè kú. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni a ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ bi ọkùnrin ẹlẹ́ní náà léèrè. Kí a tó rí ìdáhùn, ọ̀rẹ́ wa ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta.

Sẹ́mínárì ni a ti wá rí èyí tó tẹ̀ lé e, nínú páálí ìwé àlòkù kan. Ìtàn náà ti jáde ní Amẹ́ríkà láti 1966. Akọni náà kò kú. Ó rántí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí olè pa nítorí pé òun kò bìkítà láti dá olè náà dúró nígbà tí ó ṣeé dá dúró. Ó rántí ìyá tó wà lórí ibùsùn. Ó sì gbé irin náà kúrò lára. Ṣùgbọ́n a kò rí ọ̀rẹ́ wa mọ́ kí a sọ fún un.

Àwa tí a mọ bí ó ti máa ń rí kí ìtàn já mọ́ni lọ́wọ́ ni a tún já ti ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn kan nínú yín lè sọ pé a ṣe dáadáa, pé bédé kì í ṣe ohun tó yẹ ọmọ Ìjọ. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé Tintin tí gbogbo ayé mọ̀, inú ojú ewé àwọn ọmọdé nínú ìwé ìròyìn Àgùdà kan ní ìlú Brussels ni a ti bí i, ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 1929. Ní gbogbo Ọjọ́bọ ni àwọn ọmọ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ń dúró de èyí tó kàn. Ní Nàìjíríà, láti 1967, àwọn tó ń ka Atọ́ka ń retí àwọn òṣèré tíátà Yorùbá nínú fọ́tò, tí a kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ní 1975, akọni dúdú kan tí ń jẹ́ Powerman wọ ọjà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní Ìlú Ọba, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ni wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀. Ní ti gbígbà lọ́wọ́ ọmọ, ìjọba Faransé ti gbìyànjú èyí náà. Wọ́n ṣe òfin ní 1949 lórí ìwé àwọn ọmọdé. Nítorí òfin yìí, ìwé Fantask ti ilé-iṣẹ́ Lug kò kọjá méje tí ó fi dákẹ́ ní 1969. Ní oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Strange jáde. Ẹni tó bá gé e níhìn-ín yóò rí i pé ó hù lọ́hùn-ún.

Ní ọjọ́ Sátidé, a fi ìwé ìròyìn wé ìwé náà, a sì mú un lọ sí ilé ọmọ náà. A bá ìyá ìyá rẹ̀ níwájú ilé, ó ń pa ẹ̀pà. Ó kí wa tán, ó ní, “Bàbá Katikíìsì, ṣé ẹ ti kà á tán?” Ojú tì wá. Ìyá náà ní kò sí alẹ́ tí ọmọ náà kì í sọ díẹ̀ fún òun kí wọ́n tó sùn. Ó ní, “Ibi tí ẹranko ti dì wọ́n lọ́nà ni ó bá mi dé. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbà á, kò sọ nǹkan kan mọ́.”

Ọmọ náà dé láti ibi omi, ó dúró lókèèrè. A pè é, a ní, “Ọmọ wa, má bínú.” Kì í rọrùn fún àgbà láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ ọ́ tán, a rí i pé kò pa wá. A ní kí ó sọ ìtàn náà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́. Lẹ́nu tirẹ̀, àwọn òkè Dassa wa yìí ni ìlú náà wà, àwọn ẹranko búburú sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó ní Olori ni ìyá ìyá Ìyanu.

A ní, “Ìwé náà kò wí bẹ́ẹ̀.”

Ó ní, “Mo mọ̀ pé ó lè má wí bẹ́ẹ̀, Bàbá. N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń tọ́ ọ.”

A wo ìyá àgbà náà. Kò gbé ojú sókè kúrò lára ẹ̀pà. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí a ti sin ìyá ọmọ yìí. Àwa ni a ka àdúrà ní ẹ̀gbẹ́ ibojì. Ọdún méjì ni a ti ń kọ́ ọ ní katikísímù, tí ó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè wa láìṣì, àwa kò sì bi í ní ìbéèrè kan rí tó jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́nu ìwé bédé ni a ti wá gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kíyè sí i. Superman, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1938, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ rán lọ nígbà tí ayé wọn ń fọ́ ni. Aláǹtakùn, òrukàn ni. Ìyanu, òrukàn ni. Ọmọ tí ó tẹ̀ lé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láti ìwé dé ìwé lè máa wá ju ìjà àti fífò lókè lọ. Ó lè fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí nǹkan já mọ́ lọ́wọ́ tún lè dìde. Bí a bá gba ìwé náà kí a tó mọ ibi tí ó kà á dé, a kò ní mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ dé.

A kò sọ pé kí ẹ fi gbogbo ìwé lé wọn lọ́wọ́. Òmíràn wà tí kò tọ́ sí ọmọdé, nínú òmíràn sì rèé, ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kà á. Bí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé rẹ̀ bá le jù fún yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ ọ́ fún yín ní èdè ilé, bí àwọn bàbá wa ti ń pa àlọ́ Ìjàpá fún wa. Nígbà tí ó bá dákẹ́, ẹ bi í pé, “Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀?” Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Àwa àti ọmọ náà ti ṣe àdéhùn. Aago mẹ́ta ààbọ̀ sí aago mẹ́rin jẹ́ tirẹ̀ lórí àpáta. Bí agogo bá ti lù, ìwé yóò padé. Ní Sátidé, a ń jókòó pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè, a ń túmọ̀ ojú ewé méjì-méjì fún un. Ó máa ń gbọ́ wa dáadáa, lẹ́yìn náà yóò ní ohùn tí a fi sọ ọ́ kò dára tó. Ó ti padà sí ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ ti tún ń tètè dé, a kò sì sọ fún Fadá mọ́ pé àwa ni.

Àbúrò ìyá rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ẹni tó fún un ní ìwé kìíní, ti ṣèlérí láti mú ìwé kejì bọ̀ nígbà tí ó bá ń bọ̀ wá sí ìrìn-àjò mímọ́ lọ́dọ̀ Ìyá wa ní Arigbo nínú oṣù Kẹjọ. Àwọn ọmọ Gbaffo ń ka ọjọ́. Ìyá àgbà náà ń ka ọjọ́. Bí ẹ bá rí wa nítòsí gáréèjì Dassa ní ọjọ́ tí ọkọ̀ Èkó yóò wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wá léèrè ohun tí a ń dúró dè.

A ó máa bá a lọ.