Ó Ha Yẹ Kí Ilé Oògùn Wà Nínú Ilé Ìwòsàn Bí?

Bí ènìyàn bá dúró lórí Òkè Màpó, ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ńlá tí a ṣí ní ọdún 1929, tí ó sì bojú wo ìsàlẹ̀, òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà ni yóò rí lọ títí, níhà Bẹẹrẹ àti níhà Ọjà'bà. Agbo ilé fi ara kan agbo ilé. Ọ̀nà tóóró ni ó wà láàárín wọn. Ní irú àdúgbò báyìí, ibi tí a ó fi ilé oògùn sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà àti àwọn apòògùn ilẹ̀ wa ti ń jiyàn lórí rẹ̀: ṣé kí ilé ìwòsàn aládàáni máa ta oògùn nínú ọgbà rẹ̀ ni, tàbí kí aláìsàn gba ìwé oògùn lọ́wọ́ dókítà, kí ó sì lọ rà á ní ilé oògùn tí ó dá dúró?

Àwọn tí kò fẹ́ kí méjèèjì pọ̀ ní ẹjọ́ tí ó jọjú. Wọ́n ní bí ẹni tí ó kọ oògùn bá tún ni ó ń tà á, ojúkòkòrò lè wọ inú iṣẹ́ náà. Oríṣi méjì tí ìbá tó aláìsàn lè di mẹ́rin. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Frederick Kejì, ọba tí ó jẹ lórí Sísílì, ṣe òfin pé oníṣègùn kò gbọdọ̀ bá apòògùn dòwò pọ̀. Ní ọdún 2000, ìjọba Kòríà ti Gúúsù ya kíkọ oògùn kúrò lára títà rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀ láti fi kọ̀ ọ́. Àwa pàápàá kì í ṣe àlejò sí ọgbọ́n yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni babaláwo máa ń dárúkọ ewé àti egbò fún ẹni tí ó wá bá a, tí onítọ̀hún yóò sì lọ rà wọ́n lọ́wọ́ eléwé ọmọ ní ọjà. Ojú ẹni méjì yóò ti wo oògùn náà kí ó tó dé ẹnu aláìsàn.

Síbẹ̀, ẹjọ́ kejì kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ìyá kan tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná janjan ní òru, tí òjò sì ń rọ̀. Dókítà ti yẹ ọmọ náà wò. Ṣé kí ìyá yìí tún pọn ọmọ, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, kí ó sì máa kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kiri? Bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ mọ́, ẹni tí yóò kọ́kọ́ pàdé lè jẹ́ ẹni tí ó kó oògùn sórí àtẹ nínú oòrùn, tí kò sì mọ ìwé oògùn í kà.

Ní tèmi, kì í ṣe ògiri ni ó yẹ kí a máa jà lé lórí, bí kò ṣe ojú kejì náà. Ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1957, inú ọgbà ni ilé oògùn wà, ṣùgbọ́n àwọn apòògùn ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀. Nítorí náà, kí ilé oògùn wà nínú ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kí a pa ohun mẹ́ta mọ́. Èkíní, kí ó jẹ́ apòògùn tí ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ àwọn Apòògùn, tí òfin ọdún 2022 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ni yóò máa ṣe àkóso rẹ̀. Èkejì, kí dókítà kọ orúkọ oògùn sílẹ̀ kedere, kí aláìsàn tí ó bá fẹ́ rà á ní ibòmíràn lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀kẹta, kí apòògùn lè dá ìwé tí ó bá kù díẹ̀ káàtó padà fún dókítà láìbẹ̀rù pé a ó lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyà ti kọ́ wa pé oògùn kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ó kú ní Ìbàdàn àti ní Jọ́ọ̀sì nítorí oògùn ibà olómi tí èròjà olóró wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 2008, irú èròjà kan náà tún wọ inú My Pikin, oògùn àwọn ọmọ tí ń yọ eyín, ó sì pa ọmọ tí ó ju 80 lọ. Lóòótọ́, apòògùn kò lè fi ojú lásán rí olóró nínú ìgò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ ibi tí ó ti ra oògùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí ó sì kọ nọ́ńbà ara ìgò rẹ̀ sínú ìwé, ni yóò tètè mọ èyí tí ó yẹ kí ó kó kúrò lórí àtẹ nígbà tí ìkìlọ̀ bá dé.

Àwọn kan yóò ní owó tí ń wọlé fún ilé ìwòsàn kékeré kò tó láti gba apòògùn síṣẹ́. Òtítọ́ ni. Kí irú wọn má ṣe pe àpótí oògùn wọn ní ilé oògùn. Kí ilé ìwòsàn méjì tàbí mẹ́ta tí ó wà nítòsí ara wọn fi ohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n sì jọ fi ọkàn tán ilé oògùn kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí ní òru. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè ibi tí ó yẹ kí a kọ́ ilé oògùn sí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ni yóò dúró nínú rẹ̀, àti bóyá ẹni náà ní agbára láti sọ fún dókítà pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún èyí wò.” Níbi tí a bá ti lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọkàn aláìsàn lè balẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ọgbà dókítà tàbí ní òdìkejì ọ̀nà.