Òòrùn Kò Ṣẹ̀, Pánẹ́ẹ̀lì Ni Ó Sán

Ní Zone 4, ní Marcory ní ìlú Abidjan, níbi tí ilé ìtajà, ilé oúnjẹ àti ilé iṣẹ́ kún bámúbámú, iná mànàmáná kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ní ọdún 2021, nígbà tí omi fà nínú àwọn ìsédò ilẹ̀ Côte d'Ivoire, tí wọ́n sì ń pín iná fún àdúgbò ní wákàtí-wákàtí, kò yani lẹ́nu bí ojú ènìyàn bá lọ sí òrùlé. Àwa kò lòdì sí pánẹ́ẹ̀lì tí ń sọ òòrùn di iná. Ohun tí a lòdì sí ni pánẹ́ẹ̀lì tí ó ti farapa, tí a sì ń tà bí ẹni pé ara rẹ̀ dá. Ọ̀rọ̀ náà sì kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àwọn ará Èjìgbò ti sọ Abidjan di ilé kejì, irú ọjà tí a bá sì rí níbẹ̀, a óò rí i ní Alaba ní Èkó.

Chapin, Fuller àti Pearson, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà, ni ó fi sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì tí ó wúlò han aráyé ní 1954. Nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ lé e, nǹkan bí 6 péré ni ó sọ di iná. Àwọn ti òde òní ń kọjá 20. Ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì náà ṣì jẹ́. Nínípọn rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Nínú ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, 60 irú rẹ̀ ni a so tẹ̀léra, bí àwọn ènìyàn tí ń gba igbá omi lọ́wọ́ ara wọn nígbà tí ilé ń jó. Bí ẹnì kan bá rọ lọ́wọ́, gbogbo ìlà ni yóò máa dúró dè é. Èyí tí ó burú jù ni pé agbára àwọn yòókù lè yí padà di ooru sí ara aláìlera náà, títí tí yóò fi jóná. Lóòótọ́ a máa ń fi diode mẹ́ta sí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì, kí iná lè fo apá tí ó ní àlébù kọjá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fò ó, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ nìyẹn, nítorí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo.

Ní 1962, Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù átọ́míìkì kan lókè réré lórí Òkun Pàsífíìkì, ìtànṣán rẹ̀ sì ba àwọn sẹ́ẹ̀lì òòrùn ara Ariel, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́. Kò sí bọ́ǹbù ní Zone 4. Bàtà ẹni tí ń gun orí pánẹ́ẹ̀lì láti so ó mọ́ òrùlé ti tó, tàbí ọkọ̀ ẹrù tí ń já sí kòtò. Dígí òkè lè wà láìní àbààwọ́n kí sẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ ti sán. Bí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì bá wá ya, ọ̀rinrin ọ̀sà àti iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun yóò wọlé, wọn yóò sì máa jẹ okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì tí a ṣe dáadáa kì í sábà pàdánù ju nǹkan bí ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Èyí tí agbára rẹ̀ bá dín sí ìdajì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ má ṣe di ẹ̀bi ru òòrùn.

Ọ̀nà tí a fi ń tan oníbàárà rọrùn. Wọn yóò gbé pánẹ́ẹ̀lì sí oòrùn, wọn yóò fi mítà kàn án, iye fólítì yóò yọ, oníbàárà yóò sì ka owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti sán lè fi fólítì pípé hàn nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹni tí ó jókòó kò tíì fi hàn pé òun lè ru ẹrù! Ẹ so ohun tí yóò lo iná mọ́ ọn ní ọ̀sán gangan, kí ẹ ka fólítì àti áńpíà pọ̀, kí ẹ sì fi wé ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí a má sì ṣe àbòsí sí oníṣòwò: ooru pẹ̀lú a máa dín agbára sílíkọ́nì kù ní nǹkan bí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí ó bá ju 25 lọ. Pánẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ gbóná dé 60 yóò pàdánù nǹkan bí 14, kì í sì í ṣe ẹ̀tàn.

Àwọn kan yóò ní àlòkù ni agbára tálákà ká. A gbà. Kí àlòkù máa wọlé, ṣùgbọ́n kí ìjọba ní èbúté Abidjan àti ní Apapa bèèrè ìwé àyẹ̀wò tí ó sọ iye iná tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, kí owó rẹ̀ sì bá iye náà mu. Abdou Moumouni, ọmọ ilẹ̀ Niger, tẹ ìwé jáde ní 1964 lórí agbára òòrùn ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ṣe olórí ilé iṣẹ́ òòrùn ní Niamey lẹ́yìn náà. Ó ti lé ní 60 ọdún, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kò tíì lè wọn ohun tí a ń rà.

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, mítà méjì, gílóòbù kan àti pánẹ́ẹ̀lì kékeré tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ bo sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, kí wọ́n sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí gílóòbù náà.