Àkángbóòórùn: Orúkọ Tí Ó Yẹ Òróró Ewé Tí Ń Mú Ọkàn Balẹ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń wá orúkọ Yorùbá fún ohun olóòórùn líle tí a ń fà jáde lára ewé, èyí tí a ń lò láti dín ìpayà aláìsàn kù. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ yóò pè é ní òróró tàbí epo. Kò sí èyí tí ó yẹ ẹ́ nínú méjèèjì.

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, òróró ni a fi ń din àkàrà, epo ni a fi ń se ìkọ́kọrẹ́. Òróró kan náà ni àwọn onígbàgbọ́ ń gbàdúrà sí, tí àwọn mìíràn sì ń mu. Bí nọ́ọ̀sì kan ní Ìkẹ́nnẹ́ bá fún ẹbí aláìsàn ní ìgò kékeré, tí ó sì pè é ní òróró ìfọ̀kànbalẹ̀, kí ni yóò ṣe tí wọn kò fi ní í dà á sínú ṣíbí fún un mu? Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan yìí léwu nínú ikùn. Bí ọmọdé bá gbé ti igi yukalíptọ́ọ̀sì mì, díẹ̀ péré lè fa gìrì àti dídákú.

Ìṣẹ̀dá rẹ̀ pàápàá yàtọ̀. A ń jẹ́ kí ooru omi híhó gba àárín ewé kọjá. Bí ooru náà bá tutù, yóò di omi, ohun olóòórùn náà yóò sì léfòó sórí rẹ̀. Báyìí ni a ṣe ń rí ti efinrin àti ti koóko ọba. Bí a bá kán epo pupa sórí ìwé, àbàwọ́n rẹ̀ kò ní í lọ; ti koóko ọba yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Imú ni ọ̀nà irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀fun. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé òórùn láfẹ́ńdà lè dín ìpayà ẹni tí ń retí iṣẹ́ abẹ kù, bí kò tilẹ̀ gba ipò dókítà.

Àwọn oníṣègùn àtijọ́ ti fi ọ̀nà hàn. Àgúnmu: a gún un, a mu ún. Àsèjẹ: a sè é, a jẹ ẹ́. Ìpara: a fi í para. Orúkọ oògùn ni ìlànà ìlò rẹ̀. Àbá tí ó bá èyí mu ni àkángbóòórùn: a kán an sára òwú, a gbóòórùn rẹ̀. Àwọn kan lè wí pé ó gùn jù, pé oje ewé kúrú jù ú lọ. Ṣùgbọ́n mímu ni a ń mu oje ọsàn. Gígùn orúkọ kò sì pa ẹnikẹ́ni rí.

Orúkọ tí ó ya nǹkan sọ́tọ̀ yóò ran dókítà náà lọ́wọ́. Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ fi ń tọ́jú wèrè, ní resapíìnì nínú, èyí tí ń mú ara rọ̀ tí ó sì ń rẹ ìfúnpá sílẹ̀. Ẹni tí ó mu àgbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni tí ó gbóòórùn efinrin lásán kò sí nínú ewu kan náà. Bí a bá pe méjèèjì ní oògùn ewé, báwo ni dókítà ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣágámù yóò ṣe mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra fún?

Láti 1954 ni Dókítà T. A. Lambo ti mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú ìtọ́jú aláìsàn ní Àrò, Abẹ́òkúta. Ó fi hàn pé ìmọ̀ méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́. Ó ku kí èdè wọn bára mu. Kí àwọn atúmọ̀-ọ̀rọ̀ gba àkángbóòórùn wọlé, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sára ìgò kí ẹnikẹ́ni tó gbé e mì.