Kí Ìmọ̀ Atoeegun Má Bàa Bá Àgbà Wọlẹ̀

Láti Kétu dé Ṣábẹ, láti Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́, bí èèyàn bá já bọ́ lórí alùpùpù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ilé atoeegun ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó wà nítòsí, ó ń sọ èdè wa, a sì lè san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá tó ń to eegun bá papòdà lọ́la, ta ló mọ ohun tó mọ̀? Ìtàn dókítà Amẹ́ríkà kan yẹ kó là wá lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Andrew Taylor Still ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1828 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Virginia. Oníwàásù tó tún ń ṣe ìṣègùn ni bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́. Ní 1864, àrùn yírùnyírùn pa ọmọ mẹ́ta nínú ilé rẹ̀, kò sì sí oògùn tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àtìgbà náà ni kò ti fọkàn tán oògùn ayé ìgbà yẹn mọ́, tí ó sì tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ nípa eegun. Ní 1874, ó kéde ìlànà tó wá pè ní osteopathy: pé odindi kan ni ara, pé bí eegun, oríkèé àti iṣan bá wà ní ipò wọn tí ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ geere, ara á lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, àti pé ọwọ́ tó gbọ́ṣẹ́ lè mọ ibi tó há, kó sì tú u.

Wọn ò gbà á láyè láti ṣàlàyé rẹ̀ ní yunifásítì tí ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Kansas. Ó kó lọ sí Kirksville ní Missouri, ó ń ti ìlú dé ìlú, ó sì ń polówó ara rẹ̀ bí atoeegun tó yára bíi mànàmáná. Títí dé ibí yìí, ọ̀nà rẹ̀ àti ti àwọn bàbá wa jọra.

Ibi tí wọ́n ti yà ni ọdún 1892. Still ṣí ilé ẹ̀kọ́ sí Kirksville. Ó kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀, ó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, obìnrin sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó kú ní 1917, iṣẹ́ náà kò bá a kú.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ ló tọ̀nà. Oògùn tó kọ̀ pátápátá ń gba ẹ̀mí là lónìí. Ní 1910, Abraham Flexner gbé ìròyìn jáde lórí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu tiwọn gidigidi. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n tún ẹ̀kọ́ wọn ṣe, wọ́n sì fi ìmọ̀ oògùn kún un. Lónìí, àwọn dókítà yìí lé ní 100,000 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń kọ oògùn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ń gbẹ̀bí, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lo nǹkan bíi wákàtí 200 nílé ẹ̀kọ́ láti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ wo ara. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ wọn mọ̀ pé ọwọ́ lè dẹ ẹ̀yìn tó ń ro lára, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe gbogbo àìsàn ni ọwọ́ ń wò.

Àwọn kan á ní àṣírí ìdílé ni iṣẹ́ yìí, pé ẹni tó bá tú u síta ti ta oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Still kò sọ ọ́ di òtòṣì. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó aláìsàn wá bá a. Kí ìdílé fi ohun tó jẹ́ awo pa mọ́. Bí a ṣe ń fọwọ́ mọ eegun tó yẹ̀, àti bí a ṣe ń dè é, kì í ṣe awo. Bí a bá dè é le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní lọ, ẹsẹ̀ á kú, wọ́n á sì gé e. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti di aláàbọ̀ ara báyìí, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ ì bá ti gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, kí àwọn atoeegun wa gba ọmọ iṣẹ́ tí kì í ṣe ẹbí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí àwọn dókítà ìjọba yéé lé wọn bí olè. Kí wọ́n pè wọ́n, kí wọ́n fi àmì ewu hàn wọ́n, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ní ti àwa ẹbí, bí eegun bá yọ síta, tàbí tí ìka ẹsẹ̀ tí wọ́n dè bá tutù, tó kú tipiri tàbí tó ń dúdú, ẹ tú ìdè náà kíákíá, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọrí sí. Atoeegun tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i. Òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ sọ pé kẹ́ ẹ máa lọ.