Ọṣẹ ò hó, aṣọ ò mọ́: níbo ni púlọ́ńbà gbé ẹ̀rọ náà sí?

Omi kan wà tó mọ́ gaara lójú, àmọ́ tó ń jẹ owó ọlọ́wó. Alágbàfọ̀ á pa ọṣẹ sáṣọ títí, kò ní hó. Nǹkan funfun bíi wàrà tó dì ni yóò máa léfòó lójú omi. Aṣọ funfun á ṣe bí ẹni pé wọ́n da eérú sí i. Ìyá tó ń ta tíì á wo ìdí kẹ́tùrù rẹ̀, á bá èèpá tó le bíi sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Ayé kọ́ o, omi ni!

Omi tó bá gba inú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì kọjá lábẹ́ ilẹ̀ ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Òkúta náà wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Ewékorò àti ní Ṣágámù, ìdí sì nìyẹn tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì fi wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ bóhòlù sírú ilẹ̀ yẹn, kó má yà á lẹ́nu.

Ní báyìí, ẹ̀rọ kan ti dé tí àwọn tó ń tà á ń pè ní softener, ẹ̀rọ tó ń mú omi rọ̀. Àgbá méjì ló sábà máa ń ní. Nínú ọ̀kan ni hóró róbótó-róbótó wà bí ẹyin ẹja. Bí omi bá ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n á di ohun tó mú omi le mú, wọ́n á sì fi èyí tó ti ara iyọ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Tí hóró wọ̀nyí bá yó, ẹ̀rọ náà á fa omi iyọ̀ láti inú àgbá kejì, á fi fọ̀ wọ́n, á sì da ìdọ̀tí jáde lójú páìpù kan. Iyọ̀ yẹn ni oúnjẹ rẹ̀, ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ máa ra iyọ̀ sí i.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ká ní ìyá alágbàfọ̀ kan ní Ṣágámù dá èésú, ó kó o, ó fi ra ẹ̀rọ náà. Púlọ́ńbà dé, ó rí táńkì lórí ìdúró onírin, ó gé páìpù tó ń bọ̀ láti inú táńkì, ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó gbowó, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ọṣẹ ń hó, ìyá ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó tún padà sí ti tẹ́lẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá púlọ́ńbà, ayédèrú lẹ fi wọlé fún mi!”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ̀yin lẹ rà á wá. Iṣẹ́ tèmi kò jò.”

Òótọ́ ni, kò jò. Àmọ́ agbára omi ni kò tó. Kí táńkì tó fún páìpù ní agbára bar 1, ó gbọ́dọ̀ ga tó mítà 10 sókè. Táńkì tó ga ní mítà 4 kò fún un ju bar 0.4 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ń béèrè bar 1.5 tàbí 2. Omi á máa kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ fọ ara rẹ̀, kò ní rí agbára fa omi iyọ̀. Àwọn hóró yó, wọn kò rí ẹni fọ̀ wọ́n.

Púlọ́ńbà mìíràn á ní òun gbọ́n, á gbé e sáàárín bóhòlù àti táńkì, níbi tí pọ́ǹpù ti ń ti omi sókè. Kò burú, àmọ́ aago aago méjì òru ni wọ́n sábà máa ń ṣe ẹ̀rọ náà sí pé kó fọ ara rẹ̀. Ta ló ń tan pọ́ǹpù láago méjì òru? Bí iná bá sì lọ, aago inú òmíràn á dúró, á wá máa fọ ara rẹ̀ lọ́sàn-án gangan nígbà tí àwọn oníbàárà ń dúró de aṣọ. Ohun tó dára ni kí wọ́n fi pọ́ǹpù kékeré tó ń ti omi sẹ́yìn táńkì, kí ẹ̀rọ wà lẹ́yìn pọ́ǹpù yẹn, kí wọ́n sì yí aago rẹ̀ sí àsìkò tí iná máa ń wà. Irú èyí tí kò lo iná wà pẹ̀lú, òun náà ń béèrè agbára omi.

Púlọ́ńbà tó mọṣẹ́ á fi fáàfù mẹ́ta sí i, kí omi lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Kò ní ti páìpù ìdọ̀tí bọ inú páìpù sókáwéè. Á fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn kí omi ẹlẹ́gbin má baà fà padà. Kò sì ní dà á sídìí ẹ̀fọ́, torí iyọ̀ á pa á. Lẹ́yìn náà, á fi ẹ̀rọ omi kan sílẹ̀ ní ilé ìdáná tí kò gba ibẹ̀ kọjá, fún omi mímu, pàápàá fún ẹni tí dókítà ní kó dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti fún omi tí wọ́n fi ń po mílíìkì ọmọ ìkókó. Ẹ̀rọ yìí kì í pa kòkòrò àrùn, ẹ jẹ́ kó yé yín o.

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó, kó bu omi òjò sí ìgò kan, kó bu ti bóhòlù sí èkejì, kó gé ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ sí méjèèjì, kì í ṣe ọṣẹ ìyẹ̀fun inú ọ̀rá. Kó mì wọ́n. Bí ti òjò bá hó, tí ti bóhòlù sì dì bíi wàrà, omi líle nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí omi tó mọ́ bá sùn nínú báàkẹ́ẹ̀tì funfun, tó jí di pupa bíi ìpẹtà, bó ti rí lọ́pọ̀ ibi ní Èkó, irin ló wà nínú rẹ̀. Irin tó bá pọ̀ á ba hóró ẹ̀rọ yìí jẹ́, ẹ̀rọ tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Bí wọ́n bá ti gbé e sílẹ̀ tán, kí ìyá alágbàfọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára àgbá iyọ̀, níbi tí iyọ̀ ga dé. Lẹ́yìn oṣù kan, bí iyọ̀ kò bá lọ sílẹ̀ rárá, ẹ̀rọ kò fọ ara rẹ̀ nìyẹn. Kó ránṣẹ́ pe bọ̀ọ̀dá púlọ́ńbà kó tó san owó tó kù.